Ẹ Jẹ́ Kí N Pè Yín Padà

Orí àkàbà ni Kifayah ti kọ́kọ́ rí i. Ọyẹ́ ọdún náà ti bo gbogbo Abà Ọlọ́gẹ̀dẹ̀, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀bá ọ̀nà funfun bí ìgbà tí èèyàn da láfún sí wọn lórí. Ọkùnrin kan dúró sórí àkàbà láàárín àwọn páálí sólà tó wà lẹ́yìn abúlé, ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó ń fi kànìnkànìn àti omi ọṣẹ wẹ gíláàsì wọn bí ìyá ṣe ń wẹ ọmọ tuntun. Àwọn ewúrẹ́ sùn sábẹ́ òjìji páálí náà. Ọkùnrin yìí ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sún díẹ̀, kí omi má baà dà sí wọn lára nínú òtútù yìí.

Kifayah dúró lẹ́nu géètì, ẹ̀rín pa á. Kò sì yẹ kí ó rẹ́rìn-ín, nítorí irọ́ ni ó wá pa.

Ilé-iṣẹ́ Ìmọ́lẹ̀-Dé ni ó ń fi oòrùn pèsè iná fún àwọn abúlé kan káàkiri Lágelú, Akínyẹlé àti Ẹgbẹ́dá. Ibùdó kọ̀ọ̀kan ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀, wọ́n sì so gbogbo wọn mọ́ ara wọn, débi pé ẹni tó bá ní àṣẹ lè jókòó sí ọ́fíìsì ní Bódìjà kí ó tan iná abúlé kan tàbí kí ó pa á. Ohun tó dára nínú rẹ̀ nìyẹn, ohun tó léwu nínú rẹ̀ náà sì nìyẹn. Àwọn olè kan wà tí wọn kì í fo ògiri, tí wọn kì í já ilẹ̀kùn. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń gbà wọlé láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Wọn yóò pa iná, wọn yóò ti ẹ̀rọ pa, wọn yóò wá máa béèrè owó ìtúsílẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n jí ọmọ gbé.

Kifayah ni ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà lọ́wọ́ wọn. Ọmọdé ni lójú ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bá ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé àwọn olè wọ̀nyí kì í da ara wọn láàmú pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n bá lè tan ẹni tó jókòó tì í. Nítorí náà, ó máa ń lọ sí ibùdó láìsọ tẹ́lẹ̀, á ṣe bí àjèjì, á sì wò ó bóyá wọn yóò jẹ́ kí òun wọlé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ó ké sí ọkùnrin náà. "Láti ọ́fíìsì wa ní Bódìjà ni mo ti ń bọ̀. Wọ́n ní kí n wá wo kọ̀ǹpútà yín."

Ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀ wéré. "Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ kú ìrìn. Eruku ọ̀nà Lálùpọn yìí mà ti bá yín jà." Kí Kifayah tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti gba báàgì kọ̀ǹpútà ní èjìká rẹ̀, ó ti fi aṣọ nu àga fún un, ó ti bu omi inú àmù wá. Lẹ́yìn náà ni ó yọ iṣu nínú iná tó dá sẹ́yìn ilé, ó fi ọ̀bẹ họ eérú ara rẹ̀, ó bu epo sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé e fún un.

Najeem ni orúkọ rẹ̀, òun nìkan ni ó ń tọ́jú ibùdó náà. Ó ṣílẹ̀kùn yàrá ẹ̀rọ fún àlejò rẹ̀, ó sì padà sórí àkàbà. Nígbà tí ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn, tó ń béèrè pásíwọ́ọ̀dù, Kifayah yọjú lójú fèrèsé.

"Ó ní kí n tẹ pásíwọ́ọ̀dù."

"Ẹ tẹ Àyìnkẹ́," Najeem dáhùn láti òkè, ohùn rẹ̀ dé etí àwọn obìnrin tó ń bó ẹ̀gẹ́ ní òdìkejì ọ̀nà. "Oríkì ìyá mi ni."

Iṣu há Kifayah lọ́fun. Gbogbo iná abúlé ló wà níwájú rẹ̀ yìí: ti ẹ̀rọ gaàrí, ti ẹ̀rọ omi, ti ilé òtútù tí wọ́n ń kó tòmátì sí, ti fíríìjì ilé ìwòsàn tí abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé wà. Ó lè fi ìka kan pa gbogbo rẹ̀. Ó jáde sí ìta.

"Kí ni orúkọ mi?" ó bi í.

"Ẹ ò tíì sọ ọ́, mà."

"Ẹ̀yin náà ò sì bi mí."

Najeem ń wò ó tìyanu-tìyanu. "Àlejò tí kò tíì jẹun tán, ta ló ń bi í léèrè orúkọ?"

Kifayah wá sọ ẹni tí òun jẹ́ àti ohun tí òun wá ṣe. Ó ti sọ irú ọ̀rọ̀ yìí ní ibùdó mìíràn rí. Àwọn kan a bínú, àwọn kan a bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má sọ fún ọ̀gá. Najeem kò ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ó jókòó sí ìdí àkàbà, ó ń wo ọ̀ọ́kán níbi tí àwọn ìyá ọlọ́mọ jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn.

"Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá sáà ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì ilé-iṣẹ́ wa bíi tiyín yìí ni n bá jẹ́ kó pa iná mọ́ àwọn ọmọ yẹn lórí," ó ní. Ó yíjú padà sí Kifayah. "Ẹ parí iṣu yín, mà. Tí ẹ bá parí rẹ̀, ẹ kọ́ mi."

Ibẹ̀ gan-an ni ọkàn Kifayah ti kọ́kọ́ fà sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́ kí ó tó gbà bẹ́ẹ̀ fún ara rẹ̀.

Ó kọ́ ọ. Wọ́n pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù sí èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè fi kí ìyá rẹ̀ láàárọ̀. Wọ́n ṣètò fóònù ibùdó kí ó máa gba ohùn gbogbo ẹni tó bá pè sílẹ̀. Òfin tó le jù ni ó fi kádìí rẹ̀: ẹnikẹ́ni tó bá pè pé òun fẹ́ kí wọ́n yí nǹkan kan padà lórí ẹ̀rọ, ì báà jẹ́ ọ̀gá pátápátá, kí Najeem pa fóònù, kí ó sì pè é padà lórí nọ́ńbà tó ti mọ̀ mọ́ ọn tẹ́lẹ̀. Tí kò bá bá a, kí ó má ṣe nǹkan kan.

"Kí n pa fóònù mọ́ àgbàlagbà létí?" Ojú Najeem fi hàn pé iṣẹ́ ti dé. "Ìyá mi á ní òun kọ́ ló bí mi."

"Ẹ kọ́kọ́ tọrọ ààyè lọ́wọ́ wọn."

Najeem rò ó títí. Lẹ́yìn náà ni ó fi fóònù tó ti kú sétí, ó tẹ orí ba díẹ̀ bí ẹni tó wà níwájú àgbà, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n pè yín padà."

Kifayah ní ó dára bẹ́ẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó pe ibùdó náà láti dán an wò. "Najeem, èmi ni, láti ọ́fíìsì."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n pè yín padà."

Ó pa fóònù. Kò pẹ́ tí ti Kifayah fi dún. Ó tún dán an wò nígbà mìíràn, Najeem tún yege. Ó wá di ọjọ́ kan tí Kifayah pè é, tí òun náà sì mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé kò sí ìdánwò kankan lọ́kàn òun.

"Ẹ̀rọ ń ṣe dáadáa, mà," Najeem ní, lẹ́yìn tó ti pè é padà. "Kí ni kí n yẹ̀ wò?"

"Kò sí. Mo kàn ní kí n béèrè bóyá àwọn ewúrẹ́ yín ti jí."

Najeem rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́. Bí Kifayah bá ti dé yàrá tó háyà ní Ajíbọ́dé, tó bọ́ bàtà, yóò pe Najeem. Najeem yóò ní kí ó jẹ́ kí òun pè é padà, yóò sì pè é. Nígbà tí "mà" fò kúrò nínú ọ̀rọ̀ wọn, tí "ẹ" di "o", gbólóhùn yẹn kò yí padà.

"Olóríkunkun," Kifayah a ní. "Ṣé o ò tíì mọ ohùn mi ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Ohùn náà ni mò ń ṣọ́. Títí n ó fi pè ọ́ padà, o lè jẹ́ ẹlòmíràn, ẹlòmíràn náà sì lè jẹ́ àgbà. Ìdí tí mo fi ń lo 'ẹ' nìyẹn."

Nígbà tí Kifayah bá lọ sí Lágelú, àyẹ̀wò ibùdó kì í tètè tán mọ́. Najeem a jókòó tì í, á fi ìlà tó ń gòkè tó ń sọ̀ lójú kọ̀ǹpútà hàn án. Ó lè wo ìlà náà kí ó sọ pé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ẹ̀gẹ́, tàbí pé Ìyá Múyì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí ti ń lọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Kifayah ti bá àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ńláńlá ṣiṣẹ́, kò tíì rí ẹni tó ń rí èèyàn nínú ìlà iná rí. Najeem ní tirẹ̀ a máa wò ó bó ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà, tí ojú rẹ̀ le koko, a sì máa ronú pé àwọn èèyàn yìí sùn, wọ́n jí, wọn kò mọ̀ pé ọmọbìnrin kan wà tó ń dúró láàárín àwọn àti òkùnkùn.

"Mo fẹ́ wá kí àwọn òbí rẹ," ó sọ fún un lọ́jọ́ kan, nídìí páálí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀.

Inú Kifayah dùn débi pé ó ń wo ilẹ̀. "Bàbá mi ò ṣòroó kí. O mọ̀ wọ́n. Alhájì Sàníù."

"Alhájì Sàníù ti Ṣáṣá? Tí wọ́n ni ilé òtútù ibí yìí?"

"Àwọn ni."

Najeem fi kànìnkànìn sílẹ̀. Ó mọ Alhájì Sàníù dáadáa. Kò sí ẹni tó ń ta tòmátì ní Ṣáṣá tí kò mọ̀ ọ́n. Àgbàlagbà tó bu ọ̀wọ̀ fún ara rẹ̀ ni, òun ni alága ẹgbẹ́ onítòmátì, láràárọ̀ lẹ́yìn ìrun àsùbáà ni ó sì ń fi ohùn ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ wọn lórí Wasáàpù, á ṣe wàásù, á ṣàdúrà fún ọjà, á sì fi ikọ́ kékeré kan kádìí rẹ̀ tí gbogbo ọjà mọ̀ mọ́ ọn. Wọ́n fi ìbẹ̀wò náà sí ọjọ́ Àìkú.

Ọjọ́bọ̀ kí Àìkú yẹn tó kò ni nǹkan bàjẹ́. Alhájì Sàníù ń ti Òkè Ọya bọ̀ pẹ̀lú ẹrù tòmátì, fóònù rẹ̀ sì kú lójú ọ̀nà. Ó gba fóònù awakọ̀, ó pe ibùdó. Ó ní kí Najeem gba iná díẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀rọ gaàrí, kí ó fi sí yàrá kejì nínú ilé òtútù, kí ó ti tutù kí ẹrù tó dé.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ jẹ́ kí n pè yín padà," Najeem ní.

Ó pa fóònù, ó pe nọ́ńbà Alhájì tó ti mọ̀. Kò lọ. Ó pè é títí, kò lọ. Nọ́ńbà awakọ̀ kò sí nínú èyí tó mọ̀, nítorí náà kò yí nǹkan kan padà. Nígbà tí ọkọ̀ yóò fi dé, tí yàrá náà yóò sì fi tutù, ìdajì tòmátì ti rọ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú, Najeem wọ dàńṣíkí tuntun, ó ru iṣu dání, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní pálọ̀ Alhájì ní Ṣáṣá. Kifayah àti ìyá rẹ̀, Alhájà Rùkáyátù, dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Alhájì kò ní kí ó dìde.

"Ìwọ ni ọmọ tó pa fóònù mọ́ mi létí."

"Èmi ni, Bàbá. Ẹ má bínú. Ó dùn mí gan-an."

"Tòmátì kọ́ ni mò ń sọ. Ọlọ́run ló ń fúnni ní tòmátì. Tí mo bá tún fi fóònù ẹlòmíràn pè ọ́ lọ́la ńkọ́?"

Kifayah ń bẹ Ọlọ́run nínú pé kí Najeem parọ́. Irọ́ kékeré, irọ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n Najeem gbé ojú sókè láti ibi tó dọ̀bálẹ̀ sí.

"N ó tún ní kí ẹ jẹ́ kí n pè yín padà, Bàbá."

Alhájì Sàníù dìde. "Mi ò lè fi ọmọ mi fún ẹni tó ka ohùn mi sí ohùn olè."

"Bàbá," Kifayah ní, "èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Òfin mi ni."

Bàbá rẹ̀ wò ó pẹ́.  Ó kàn wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn yẹn dun Kifayah ju igbe lọ.

Inú Alhájì kò rọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn wàásù, ó ro ẹjọ́ náà sínú ẹgbẹ́ onítòmátì pátá: ọmọ tó ń ṣọ́ iná ní Abà Ọlọ́gẹ̀dẹ̀, tó fẹ́ fẹ́ ọmọ òun, tó sì pa fóònù mọ́ òun létí nígbà tí òun fi fóònù awakọ̀ pè é. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ẹjọ́ náà ti dé Ẹgbẹ́dá. Ó sì ránṣẹ́ sí Najeem pé kò gbọdọ̀ pe òun láéláé.

"Lọ bẹ̀ wọ́n," Kifayah sọ fún Najeem lórí fóònù. "Sọ fún wọn pé ti ẹlòmíràn lo máa ń pè padà, pé o ò ní ṣe é fún wọn mọ́."

"Tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, n ó ti parọ́ fún wọn tàbí kí n dalẹ̀ rẹ," Najeem ní. "Kifayah mi, èwo ni o fẹ́ kí n ṣe?"

Kifayah fi fóònù sílẹ̀. Ó sunkún lálẹ́ ọjọ́ náà ní Ajíbọ́dé, orí rẹ̀ sì tún wú nítorí Najeem, ẹkún àti ìwúrí pọ̀ mọ́ ara wọn.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn, Kifayah wá jẹun ọ̀sán nílé wọn ní Ṣáṣá. Bàbá rẹ̀ ti ìrun dé, agbádá funfun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ti oúnjẹ ni fóònù rẹ̀ dún. Ó wo ojú rẹ̀, ó yí i dojú délẹ̀.

"Ta ni?" Alhájà bi í.

"Ọmọ oníná."

Fóònù dákẹ́, ó tún dún. Alhájì bu òkèlè. Kò wo fóònù náà mọ́.

"Bàbá Kifayah, ẹ gbé e," Alhájà ní. "Bóyá ó fẹ́ tọrọ àforíjì."

"Mo ti ní kó má pè mí."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni ó mú Kifayah gbé ọwọ́ kúrò nínú àwo. Wọ́n ti ní kí Najeem má pè, Najeem kì í sì í tẹ òfin àgbà lójú fún eré. Ọ̀rọ̀ náà yé e wàyí.

"Bàbá, Najeem ò pè yín," ó ní. "Ó ń pè yín padà ni. Ẹnì kan ti lo orúkọ yín pè é."

Bàbá rẹ̀ kò tíì dáhùn tí Kifayah fi na ọwọ́, tó gbé fóònù baba tó bí i láìtọrọ ààyè, tó gbé e sáàárín wọn kí gbogbo wọn máa gbọ́. Kò ṣe irú rẹ̀ rí láyé.

"Ẹ kú ọ̀sán, Bàbá," ohùn Najeem ní, ó ń mí gúlegúle. "Ẹ má bínú. Ṣé ẹ̀yin lẹ pè mí nísinsìnyí?"

"Èmi? Oúnjẹ ni mò ń jẹ."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ eléyìí."

Ó tan ohun tí fóònù ibùdó ti gbà sílẹ̀. Ohùn Alhájì Sàníù ni ó jáde láti inú fóònù, kò sí àní-àní, ó tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sálámù bó ṣe máa ń ṣe.

"Najeem, èmi ni. Fóònù awakọ̀ ni mo tún fi ń pè ọ́. Àwọn nọ́ńbà kan ń bọ̀ lórí fóònù rẹ báyìí, kà wọ́n sí mi létí, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fẹ́ fi wọlé tún ilé òtútù ṣe. Tí o bá tún pa fóònù mọ́ mi létí, gbàgbé ọmọ mi. Ṣùgbọ́n tí o bá kà wọ́n fún mi, ìjà tán. Kó àwọn èèyàn rẹ wá lọ́la." Ikọ́ kékeré kan tẹ̀ lé e.

  Ohùn Najeem wá jáde, ó ń gbọ̀n bí ti ẹni tó fẹ́ sunkún.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí n pè yín padà."

Ojú Kifayah kún fún omi. Najeem kò mọ̀ pé olè ni nígbà yẹn. Gbogbo ohun tó fẹ́ láyé ni wọ́n gbé síwájú rẹ̀ yẹn, ó sì fi í sílẹ̀ nítorí fíríìjì ilé ìwòsàn àti nítorí òfin òun. Ṣùgbọ́n kò sí ààyè ẹkún. Ó ti fa kọ̀ǹpútà rẹ̀ yọ.

"Najeem, yọ okùn ibùdó rẹ kúrò lára tiwa, kí o máa fi ọwọ́ darí iná. Má tan án padà títí n ó fi dé ọ̀dọ̀ rẹ fúnra mi."

Ó pe ọ̀gá rẹ̀, Olúyínká, ní Bódìjà. Wọ́n pe àwọn ibùdó lọ́kọ̀ọ̀kan. Lateef tó ń tọ́jú ibùdó kan ní Akínyẹlé ti ka nọ́ńbà tirẹ̀. Ohùn Olúyínká fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi tàn án. Iná abúlé rẹ̀ ti kú, àwọn olè náà sì ti ń ti ibẹ̀ wá ọ̀nà sí àwọn ibùdó yòókù. Kifayah rí wọn lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ti ilẹ̀kùn kan tẹ̀ lé òmíràn wò, ó sì ń sáré ti ilẹ̀kùn náà pa ṣíwájú wọn.

Alhájì Sàníù ti mọ̀ látẹ̀yìnwá pé ọmọ òun ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ohun tí kò mọ̀ ni pé iṣẹ́ náà rí báyìí. Ó rí ọmọ tó ń bẹ̀rù aláǹgbá ní kékeré, tó ń pàṣẹ fún àwọn ọkùnrin tó jù ú lọ lórí fóònù, tí ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Nígbà tí iná òpópónà wọn lọ bó ṣe máa ń lọ, tí Kifayah kígbe pé bátìrì kọ̀ǹpútà òun kò ní pẹ́ kú, Alhájì ni ó sáré jáde tòun ti agbádá funfun, tó fa okùn jẹnẹrétọ̀ títí ó fi gbéra. Ó padà wọlé pẹ̀lú epo dúdú lápá agbádá, ó dúró sẹ́yìn àga ọmọ rẹ̀. Alhájà ń fi ìrẹsì sí Kifayah lẹ́nu bí ìgbà tó wà lọ́mọdé.

Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn olè náà ti jáde. Abúlé Lateef nìkan ni òkùnkùn bá, wọ́n sì tún un ṣe kí ọ̀sẹ̀ tó yí. Olúyínká ní ká ní Najeem kò tètè pè ni, gbogbo ibùdó ni wọn ì bá kó. Ní Abà Ọlọ́gẹ̀dẹ̀, iná ilé ìwòsàn kò tilẹ̀ ṣẹ́jú.

Kifayah pa kọ̀ǹpútà dé. Bàbá rẹ̀ ti ní kí Najeem fi ohùn yẹn ránṣẹ́, ó ń tan án lọ tan án bọ̀.

"Ikọ́ mi nìyí," ó ní. "Ta ló kọ́ wọn ní ikọ́ mi?"

Kifayah kúnlẹ̀ tì í. "Wàásù òwúrọ̀ yín ni, Bàbá. Ẹ̀rọ wà báyìí tó ń gbọ́ ohùn èèyàn díẹ̀, tí á sì máa fi í sọ ohun tí wọ́n bá fẹ́."

"Ọ̀rọ̀ tèmi pẹ̀lú Najeem ńkọ́? Fóònù awakọ̀ ńkọ́?"

Kifayah wo fóònù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Alhájì náà rántí ẹjọ́ tó rò sínú ẹgbẹ́ onítòmátì. Ó bọ́ fìlà, ó gbé e lé orúnkún.

"Èmi ni mo kó ohùn mi fún olè, tí mo tún fi ìtàn lé e," ó ní jẹ́jẹ́. "Ọmọ ọlọ́mọ wá ń bá mi dáàbò bò ó, mo ń bú u."

 Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wàásù kò wọ inú ẹgbẹ́. Alhájì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sọ́jà, ó ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún wọn pé ọmọ tí òun bú kò jẹ̀bi, òun ni òun jẹ̀bi.

Lẹ́yìn ìrun àlàásárì ọjọ́ Àìkú, ó jókòó sórí ẹní ní pálọ̀, ó pe Kifayah àti ìyá rẹ̀. Ó mú fóònù ara rẹ̀, ó tẹ nọ́ńbà kan, ó sì gbé e sáàárín wọn kí gbogbo wọn máa gbọ́.

"Àsàlámù àlékùmù, Bàbá," Najeem dáhùn.

Alhájì Sàníù tún ọ̀fun ṣe, ikọ́ kékeré náà sì jáde. "Najeem, ìjà tán. Kó àwọn èèyàn rẹ wá lọ́la."

 Kifayah di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. Ọ̀rọ̀ tí olè sọ ni bàbá rẹ̀ ń sọ yìí, bákan náà ló rí, ohùn náà, ikọ́ náà. Ó mọ ohun tí Najeem yóò wí. Ó ń bẹ̀rù rẹ̀, ó sì mọ̀ pé tí kò bá wí i, òun kò ní fẹ́ràn rẹ̀ tó bí òun ṣe fẹ́ràn rẹ̀ yìí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," Najeem ní. "Ẹ jẹ́ kí n pè yín padà."

Najeem pa fóònù. Alhájì Sàníù gbé e ka itan. Kò bínú, kò wo ẹnikẹ́ni. Ó tún agbádá rẹ̀ ṣe, ó jókòó dáadáa bí ẹni tó ń retí àlejò pàtàkì, ó sì ń dúró.

Fóònù dún. Kò jẹ́ kí ó dún lẹ́ẹ̀kejì.

"Èmi ni," ó ní. "Èmi gan-an ni, ọmọ mi. Kó wọn wá."